Rédíò Jẹ́ Ìpè Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Kí ẹ tó bú Rédíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi bú ìlà. Ìlà ilé ìwòsàn ńlá ni mò ń wí, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu géètì nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, tó ń yí ẹ̀yìn ilé oúnjẹ po títí dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe orúkọ èèyàn níbẹ̀. Bó o bá lọ tọ̀, bó o bá lọ ra búrẹ́dì, bí oorun bá gbé ẹ lọ, tó ò jẹ́ ìpè, ó parí nìyẹn, ìdí ìlà lò ń padà sí. Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ le lè dúró bẹ́ẹ̀, ká má tíì sọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá? Ló bá di pé àwọn èèyàn ń bára wọn dúró. Ọkọ ń dúró fún ìyàwó, ọmọ ń dúró fún ìyá, ayálégbé ń dúró fún onílé. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn a máa gbé àpótí ìjókòó dání.

Bẹ́ẹ̀ ni Rédíò ṣe lọ dúró fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní aṣọ iléèwé tó fẹ́ rán tán nílé, ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò tíì dé tí nọ́ọ̀sì fi pe orúkọ rẹ̀. Rédíò pariwo, "Èmi nìyí!" Èrò rẹ̀ ni pé bí òun bá ti dé iwájú, òun á bẹ nọ́ọ̀sì kó fún àwọn láàyè díẹ̀. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ọjọ́ náà kì í wojú èèyàn, apá ló ń wò. Kí Rédíò tó ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ná," wọ́n ti fi rọ́bà dì í lápá, abẹ́rẹ́ ti wọlé. Obìnrin tí wọ́n sọ lórúkọ Rédíò torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé, tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti ògiri. "Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni? Ìyá kan ló bí wa, bàbá kan ló bí wa. Bá a bá sọ fún wọn, ìdí ìlà ni wọ́n máa lé wa lọ. Panu ẹ mọ́." Àbájáde ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n ní ó mọ́ tónítóní. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ẹ lè wá bú wọn wàyí.

Ojú-Ìwọ̀n ni àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, torí aránṣọ ni, kì í sì í fi téèpù wọn oníbàárà. Wàá kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á wò ẹ́ láti òkè délẹ̀, á ní, "O ti sanra sí i o," á sì gé aṣọ. Aṣọ náà á bá ẹ mu rẹ́gí. Àìsàn kan wà lára rẹ̀ tí àwọn dókítà ní orúkọ gígùn fún. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn, ni wọ́n kọjú ìjà sí i, tí wọ́n ń bó èèpo ara iṣan rẹ̀ bí eku ṣe ń jẹ èèpo wáyà iná. Nígbà tó le, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Oògùn inú ìgò kan tí wọ́n ń fà sí i lára lóṣooṣù ló dá a padà sídìí máṣíìnì. Ṣùgbọ́n oògùn náà ní wàhálà tiẹ̀. Ó ń so àwọn ọmọ ogun yẹn lọ́wọ́, kòkòrò kan tó ń sùn jẹ́jẹ́ lára ọ̀pọ̀ èèyàn sì lè tìtorí ẹ̀ jí, kó gòkè lọ sínú ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé ìgò kọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgò tó tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ tí Rédíò fún wọn yẹn, ìjà ti bẹ́ nílé kí omi tó hó.

Ojú-Ìwọ̀n jókòó nídìí tábìlì, ó ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ọkọ rẹ̀, Káfíńtà, wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, pẹ́ńsù lẹ́bàá etí, ó jókòó sí ọwọ́ òsì ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń jókòó láti ọjọ́ tó ti gbé e níyàwó.

"Ìyá Àkọ́bí, mo kí ẹ o."

Ojú-Ìwọ̀n ń jẹun lọ.

"Mo ní mo kí ẹ."

Ṣíbí ń lọ, ṣíbí ń bọ̀.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí!" Káfíńtà fi ọwọ́ lu tábìlì. "Láti ìjẹta lobìnrin yìí ò ti dá mi lóhùn dáadáa. Mo kí i, kò jẹ́. Mo ní kó na iyọ̀ sí mi, ó ṣe bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Kí ni mo ṣe? Ṣé torí ẹsẹ̀ tábìlì tí mi ò tíì tún ṣe ni?"

Ojú-Ìwọ̀n ta gìrì, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá yìí! Ìgbà wo lẹ wọlé? Ẹ yéé yọ́ wọlé bí ológbò!"

"Èmi? Yọ́ wọlé? Pẹ̀lú bàtà mi yìí?" Bàtà Káfíńtà, gbogbo àdúgbò ló mọ ìró rẹ̀. "Wò ó, bó o bá ń bínú, bínú ní gbangba ká jọ jà á tán!"

"Ta ló ń bínú? Ẹ̀yin lẹ ò kí èèyàn látàná."

Káfíńtà wo òkè àjà bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. Àkọ́bí, ọmọbìnrin wọn tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, wá kó abọ́. Ó dúró, ó tẹjú mọ́ abọ́ ìyá rẹ̀. Apá ọ̀tún abọ́ mọ́ féfé, ìrẹsì apá òsì sì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe bù ú, àárín rẹ̀ gún bí ẹni fi rúlà fà á.

"Màmá, ẹ ò jẹ ẹ́ tán."

"Mo jẹ ẹ́ tán. Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?"

Àkọ́bí rò pé eré ni. Ó yí abọ́ náà po, ìrẹsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ta ló tún bu òmíràn fún mi?" ni Ojú-Ìwọ̀n wí. "Ẹ fẹ́ kí n sanra bíi tàwọn oníbàárà mi." Ó mú ṣíbí, ó jẹ ẹ́.

Ẹ̀rín pa Káfíńtà, ó gbàgbé pé òun ń bínú. Àkọ́bí náà rẹ́rìn-ín. Rédíò, tó wá bá wọn kí wọ́n jọ lọ sílé ìwòsàn, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán nílẹ̀ tí Alágbàfọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán fi wọlé pẹ̀lú gáwùn kan lápá. Òun ló máa ń lọ aṣọ tí Ojú-Ìwọ̀n bá rán tán. Ọ̀yàyà èèyàn ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ojú-Ìwọ̀n, ẹ má bínú o. Oníbàárà yín tó ni gáwùn yìí, ṣé ọwọ́ kan ló ní ni?"

Ó na gáwùn náà sókè. Ọwọ́ ọ̀tún aṣọ dúró pé, ojú rírán rẹ̀ tò gún régé, iṣẹ́ ọ̀gá. Lápá òsì, ihò ló là sílẹ̀, òwú ń ṣe jàgàjàgà létí rẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ náà, ó ṣẹ́ ẹ dé ìdajì, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Ojú-Ìwọ̀n gbà á, ó wò ó, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú rírán ọwọ́ ọ̀tún. "Kí ló ṣe é? Ó pé. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí."

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín, ó dúró dè é kó parí àwàdà náà. Ojú-Ìwọ̀n kò ṣe àwàdà. Ẹ̀rín gan mọ́ Alágbàfọ̀ lẹ́nu. Ó wo Káfíńtà, Káfíńtà ń wo ilẹ̀.

"Mo gbé áyọ́ọ̀nù síná," ni Alágbàfọ̀ wí, ó sì jáde.

Kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ìròyìn fi dé ṣáájú rẹ̀. Ẹnìkan ní oyún ni, oyún àgbà a máa dààmú èèyàn. Ẹnìkan ní ìgbéraga ni, pé ó ti ń rán ìdajì aṣọ torí oníbàárà ti pọ̀ jù fún un. Ẹnìkan ní òun ti rí i lánàá tó ń kọlu òpó lójú pópó, ó ní ọtí ni, kí wọ́n yéé fi pa mọ́. Ẹnu ayé lẹbọ. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó wọlé wá béèrè.

Rédíò fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ inú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn."

"Ká sọ kí ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ara yín ò dá. Ojú yín ò dá."

"Ojú mi? Èmi Ojú-Ìwọ̀n?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Àbúrò mi, fetí sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á gba ìgò yẹn lọ́wọ́ mi. O rántí bí mo ṣe ń fi ìdí wọ́ lọ sílé ìwẹ̀? O rántí pé ìwọ lo ń dì mí mú lórí ṣáláńgá? Mi ò padà síbẹ̀ mọ́ láyé. Ṣèlérí fún mi pé o ò ní sọ."

"Mo ti ṣèlérí lọ́jọ́sí."

"Tún un ṣe."

Rédíò sún ẹsẹ̀ kan sápá òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fara ti ògiri.

"Wò ó bó ṣe jáde!" ni Ojú-Ìwọ̀n pariwo sójú afẹ́fẹ́. "Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, o ń bá tìẹ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí!"

Rédíò kò lọ ibì kankan. Ó dúró síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omi dà lójú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Ojú-Ìwọ̀n fi èjìká òsì gbá òpó géètì. "Ta ló gbé òpó síbí?" Káfíńtà ní òpó náà ti wà níbẹ̀ kí àwọn tó gba ilé. Nínú ọkọ̀, Rédíò kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, títí awakọ̀ fi bojú wẹ̀yìn béèrè pé ṣé Rédíò ni wọ́n ń gbé lọ sílé ìwòsàn. Káfíńtà rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà. Ọkùnrin tó ń sá fún ẹ̀rù, ẹ̀rín ló máa ń fi bora.

Yàrá ìgò kò tóbi. Àwọn àga onírọ́bà tò síbẹ̀, irin ìkọ́gò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, fèrèsé kan sì kọjú sí ìlà ìta. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti dàgbà díẹ̀, ó so okùn mọ́ awò ojú rẹ̀, ó máa ń bá àwọn aláìsàn ṣeré. Ó gbé ìgò kọ́, ó nu apá Ojú-Ìwọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn ìbéèrè tó máa ń béèrè.

"Mọ́mì, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń gbé mi."

"Orí ń fọ́?"

"Àfi bí ọkọ mi bá ń sọ̀rọ̀."

"Ojú ńkọ́?"

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ àdúgbò," ni Ojú-Ìwọ̀n dáhùn. "Ẹ ti sanra díẹ̀ níbàdí o, nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ yín náà mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ." Ó mú abẹ́rẹ́.

Rédíò wúkọ́. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Rédíò tún wúkọ́, ó wúkọ́ títí ọkùnrin tó wà lórí àga kejì fi na omi sí i. Ó mu omi náà. Ó ní ilẹ̀ ń yí òun, wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó, ó dìde. Abẹ́rẹ́ ti súnmọ́ apá. Wọ́n ní ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n tẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ bá Rédíò dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni!"

Gbogbo yàrá yíjú sí i.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni ẹ yẹ̀ wò! Kì í ṣe tiwọn! Èmi ni mo dúró sórí ìlà, wọ́n pe orúkọ, mo jẹ́ ẹ, wọ́n gún mi! Wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn rárá! Wọn ò sì rí apá òsì mọ́, ìdajì oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ, aṣọ ọlọ́wọ́ kan ni wọ́n rán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á sí wọn lára!" Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí."

"Rédíò!" ni Ojú-Ìwọ̀n jágbe. "Ta ló tàn ẹ́?"

Ọkùnrin orí àga kejì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wojú Rédíò, ó gbé e mì. Nọ́ọ̀sì ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó gbé ìgò náà kúrò lórí irin, ó sì ránṣẹ́ pe dókítà.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ Àkọ́bí. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìka sókè lọ́tùn-ún, Ojú-Ìwọ̀n kà á. Ó gbé e sókè lósì, Ojú-Ìwọ̀n ní kó gbé ìka sókè kí òun lè kà á. Dókítà wá mú báńdéèjì funfun kan, ó nà án gbọọrọ sórí itan Ojú-Ìwọ̀n.

"Màmá, iṣẹ́ yín ni. Ẹ bá mi fi èékánná sàmì sí àárín rẹ̀ gan-an."

"Ìyẹn náà?" Ojú-Ìwọ̀n rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fi èékánná tẹ ibì kan.

Káfíńtà, tí òun náà ń fi ojú wọn pákó jẹun, rí ibi tí èékánná náà wà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣẹ́ ẹ po níbẹ̀," ni dókítà wí.

Ojú-Ìwọ̀n ṣẹ́ ẹ po. Ó fi ìka méjì fa etí báńdéèjì méjèèjì wálẹ̀ kí wọ́n lè bára mu, bó ti ń ṣe láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Wọn ò bára mu. Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gùn ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Ó tún un fà. Ó dijú, ó fi ọwọ́ nìkan tọ aṣọ náà láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò purọ́ fún un rí. Nígbà tó lajú, ó ti ń sunkún.

"Ojú mi dà?" ló béèrè. "Àbúrò mi, ojú mi dà?"

Rédíò dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Dókítà jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Màmá, bí aṣọ bá fẹ́ gbó, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ rí?"

"Òwú wẹ́wẹ́," ni Ojú-Ìwọ̀n wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Nílẹ̀, lábẹ́ máṣíìnì. Kí ihò tó yọ."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọpọlọ. Bí nǹkan bá ń jẹ ẹ́, òwú rẹ̀ wẹ́wẹ́ á ti máa ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀. Torí ẹ̀ la fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ká lè tètè mọ̀."

Ojú-Ìwọ̀n ronú sí i. "Abẹ́ máṣíìnì ẹlòmíì lẹ gbá wò."

"Tàbúrò yín. Ara tiwọn dá ṣáká. Ó jọ pé ọpọlọ yín ti gbàgbé apá òsì, àtohun tó wà níbẹ̀ àtohùn tó ń tibẹ̀ wá." Dókítà fi ọwọ́ lé e lórúnkún. "Ìgò ti dúró. Bá a bá fà á sí yín lára lónìí, ọ̀nà la máa túbọ̀ là fún kòkòrò náà. A máa gba ẹ̀jẹ̀ yín, a máa ya àwòrán orí yín, lónìí náà. Èyí tó bá ti bàjẹ́, mi ò lè ṣèlérí pé ó máa padà. Àmọ́ a máa jà fún èyí tó kù."

"Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

"A máa wá oògùn míì fún ẹsẹ̀. Ẹ̀mí la kọ́kọ́ ń wá."

Bí wọ́n ṣe dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò gbójú sókè. "Ìdí ìlà," ló wí.

"Ìdí kí ni?" Ohùn Káfíńtà ròkè ju bàtà rẹ̀ lọ. "Dókítà ló rán wa! Kòkòrò ń jẹ ọpọlọ ìyàwó mi, o ní ìdí ìlà? Ìdí ìlà yìí gan-an ló gbé wa débí! Ẹ ní ká dúró, a dúró. Ẹ ní ká jẹ́ ìpè, a jẹ́ ẹ. Ìgbà wo lẹ béèrè ẹni tó jẹ́ ẹ?"

"Bàbá, gbogbo wa la ní ìṣòro," ni obìnrin kan wí láti orí ìlà. "Ẹ lọ tò!"

"Mo ti wà lórí ìlà yìí kí n tó bímọ," ni ẹlòmíì fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì yàrá ìgò ti tẹ̀lé wọn jáde. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo ìlà láti orí dé ìdí. Kò pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró síbí, ta ni kì í ṣe òun ló ni orúkọ tó máa jẹ́?"

Ẹnìkan ń wo bàtà ara rẹ̀. Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé bọ́tìnnì òun ṣí sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ pa ẹnu mọ́.

Bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí àpótí lápá iwájú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyàwó mi ni," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ó wà nílé. Mo rò pé... mo ti jẹ́ ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan rí." Ó gbé àpótí rẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá fóònù nínú àpò. Ọmọbìnrin kan tẹ̀lé e. Obìnrin tó ní kí wọ́n lọ tò, òun náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ń pe ilé, títí ààyè fi là láti ibi tí Ojú-Ìwọ̀n dúró sí dé ojú fèrèsé.

Ọkùnrin ojú fèrèsé wá gbójú sókè. Ó pe orúkọ Ojú-Ìwọ̀n.

Rédíò la ẹnu, ó tètè fi ọwọ́ bò ó.

"Èmi nìyí," ni Ojú-Ìwọ̀n dáhùn. Ó yí gbogbo orí rẹ̀ sósì kó tó rí àga tí wọ́n ní kó jókòó sí. Ó jókòó, ó na apá. Rédíò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lósì, ó di ọwọ́ yẹn mú kó má baà sọnù mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìgò kékeré, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀.

Káfíńtà fẹ́ lọ jókòó síbi tó máa ń jókòó. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kó tó dúró. Ó yípo lẹ́yìn àga, ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀.

"Ìyá Àkọ́bí, mo kí ẹ o."

Ojú-Ìwọ̀n wò ó láti òkè délẹ̀ bó ṣe ń wo oníbàárà. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kí mi. Láti ìjẹta."

Káfíńtà ní kó má bínú.